Agbárí ẹran 43 lára ògiri bàbá wa: ṣé kí a tà á ni, àbí mùsíọ́mù á gbà á?

Télọ̀Tákíè

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, n kì í kọ. Ọ̀rọ̀ tó dé bá mi yìí ló lé mi síta.

Ọdẹ ni bàbá wa. Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa wà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń gbé ìbọn sí, agbárí ẹran ni wọ́n fi bo ògiri kan, láti ibi ìbàdí èèyàn títí dé òkè àjà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá ṣẹ̀ wọ́n, inú yàrá yẹn ni wọ́n máa ń ní ká lọ kúnlẹ̀ sí. Ẹ wo bí gbogbo ojú ihò yẹn ṣe ń wò yín nínú òkùnkùn! A kì í tún ẹ̀ṣẹ̀ náà dá.

Bàbá sùn lọ́dún tó kọjá. Ẹgbẹ́ wọn ti ṣe ìṣípà fún wọn, wọ́n sun ìrèmọ̀jé mọ́jú, ohun tó yẹ kó lọ sínú igbó ti lọ. Agbárí ló kù. Àbúrò mi ọkùnrin wá fẹ́ wó yàrá náà, ó fẹ́ kọ́ yàrá mẹ́rin tí yóò máa gbà owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Ìyẹn kò dùn mí. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò kọ́lé akẹ́kọ̀ọ́ sí i, ara rẹ̀ ló mọ̀.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ó mú ìyá ẹlẹ́gbògi kan wá láti ọjà. Ìyá náà wo ògiri fìrí, bí ẹni ń wo iṣu lórí àtẹ, ó ní òun á san 45,000 náírà fún gbogbo ẹ̀, tìwo-tìwo, teyín-teyín. Kí n tó dé láti ṣọ́ọ̀bù, àbúrò mi ti gba 10,000 nínú ẹ̀. Ó tún ti ra kẹ́ẹ̀gì blíìṣì kan, ó ní òun fẹ́ fi fọ èéfín ara wọn kí wọ́n lè dùn ún wò.

Mo ka agbárí náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, torí télọ̀ ni mí, n kì í gé aṣọ lórí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan. 43 ni. Ẹtu 14, ìgalà 11, ọ̀yà 6, ọ̀bọ 4, òòrẹ̀ 2, ẹfọ̀n kan ṣoṣo tí èmi nìkan kò lè dá gbé sọ̀ kalẹ̀, àti márùn-ún tí n kò mọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ejò kan wà nínú ìgò ògógóró tí ọtí rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì, ìpẹ́ akika sì wà nínú agolo mílíìkì.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ló gbé ọ̀rọ̀ mùsíọ́mù dé. "Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á o, wọ́n ń kó irú ẹ̀ pamọ́." Èmi ní tèmi, ère àti adé ni mo mọ̀ mọ́ mùsíọ́mù. Kí ni wọ́n fẹ́ fi orí ọ̀yà ṣe, ẹran tí a ti fi jẹ iyán kí wọ́n tó bí àbúrò mi? Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ta ni mo máa lọ bá? Ṣé kí n jẹ́ kó fọ̀ ọ́ kó mọ́ kí n tó gbé e lọ? Wọn ò sì ní ní kí n wá sọ bí ẹfọ̀n ṣe dé ilé wa ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Òpin oṣù ni bíríkìlà ń bọ̀.

ỌmọÀjàgbọn

Àǹtí mi, 45,000 nínú ọ̀wọ́n gógó yìí? Ẹ tètè gbà á kí ìyá yẹn tó lálàá tó yí i lọ́kàn padà. Ẹran tí ẹ ti jẹ, tí ẹ ti yàgbẹ́ ẹ̀ dànù, tún wá mówó wálé, oríire wo ló jù ú lọ?

Àmọ́ ẹ fi ti ẹfọ̀n sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ gbé e kọ́ pálọ̀.

BàbáEgungun

Ìyá wa télọ̀, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Kí ilẹ̀ ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gbé kẹ́ẹ̀gì blíìṣì yẹn pamọ́ fún àbúrò yín. Blíìṣì kì í fọ egungun, ńṣe ló ń jẹ ẹ́. Lónìí á funfun báláú. Tó bá pẹ́ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹfun, eyín á máa yọ bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín tó wà lára wọn kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, ti tó. Ẹ má sì fi fáníìṣì kùn ún torí kó lè dán.

Ọdún 27 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ń tọ́jú òkú ẹran sí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì kan kí n tó fẹ̀yìntì. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé. Ṣé ẹ mọ kòkòrò dúdú kékeré tó máa ń wà nínú ẹja gbígbẹ lọ́jà, tí ọmọ rẹ̀ ń nírun lára, tí ẹ máa ń gbọ̀n dànù kí ẹ tó fi ẹja sọ́bẹ̀? Àwa ń sìn ín ni o. A bó awọ, a yọ ọpọlọ, a sá orí ẹran náà kó gbẹ díẹ̀, a gbé e sínú àpótí wọn. Wọ́n á jẹ ẹ́ mọ́ féfé, wọn kò ní fọwọ́ kan àwọn egungun tín-ín-rín inú imú tí ọ̀bẹ kankan kò lè yọ ẹran lára rẹ̀ láìfọ́ ọ. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n ri i pé wọn kò jáde nínú àpótí. Bí wọ́n bá jáde, awọ ẹyẹ tí wọ́n ti kó jọ fún 50 ọdún ni wọ́n máa fi ṣe oúnjẹ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Mùsíọ́mù kò ní bi yín pé báwo ló ṣe tóbi tó. Ohun tí wọ́n máa bi yín ni pé: níbo, nígbà wo, ta ló pa á? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ télọ̀, ẹ ò ní pẹ́ lóye ẹ̀. Bí oníbàárà bá kó aṣọ wá, tí ẹ ò so nọ́ńbà mọ́ ọn, tí ẹ ò kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, kí ni aṣọ náà? Aṣọ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rán an. Bẹ́ẹ̀ ni agbárí tí kò ní ibi, tí kò ní ọdún. A lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí eyín ṣe ń rí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá mọ̀ pé lẹ́bàá Odò Ọbà ni wọ́n ti pa á, lọ́dún báyìí, ẹ̀rí ni. Ó ń jẹ́rìí pé irú ẹran yìí wà níbí nígbà yẹn. Igbó lè di ilé, odò lè gbẹ, ẹ̀rí náà kò yí padà.

Ẹ ní ẹtu yín jẹ́ 14. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ní 1968, onímọ̀ ará Belgium kan tó ń jẹ́ Walter Verheyen rí ẹtu kan gbà ní Togo. Ẹtu ni gbogbo wa ń pè é, irú kan ṣoṣo náà ni àwọn onímọ̀ sì kà á sí, èyí tí wọ́n fi orúkọ òyìnbó kan, Maxwell, sọ. Ó di 2010 kí àwọn onímọ̀ tó kó agbárí jọ láti Togo, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, tí wọ́n wọ̀n wọ́n, tí wọ́n yẹ àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n tó rí i pé irú ọ̀tọ̀ pátápátá ni. Orúkọ ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́, Philantomba walteri. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ọjà ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí i. Ọdún 42 ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ fi wà nípamọ́, àwa ń fi ẹran náà jẹ ẹ̀kọ. Ta ló mọ èyí tó wà lára ògiri yín?

Nípa ti akika, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ìpẹ́ yẹn o, kódà bí ẹ bá ta gbogbo ìyókù. Láti January 2017 ni àdéhùn àgbáyé ti ká òwò gbogbo irú akika láàárín orílẹ̀-èdè kan sí ìkejì lọ́wọ́ kò, àwọn aṣọ́bodè kò sì fi í ṣeré. Ẹ kọ ọ́ mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́ bí ó ṣe dé ilé yín.

Ejò inú ìgò, ẹ má ṣí i. Ògógóró kò le tó ọtí tí a ń lò, tiwa tó 70 nínú 100. Ó ṣeé ṣe kí ejò náà ti máa rà. Wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Yunifásítì Ìbàdàn ní mùsíọ́mù ẹranko, OAU ní Ifẹ̀ náà ní ilé ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀dá tirẹ̀. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́, ẹ fi fótò sí i, kí ẹ tó gbé ẹrù sọ́kọ̀. Ẹ má gbé e lọ lójijì, wọ́n lè máà ní àyè.

Kí bíríkìlà tó dé, ṣé ẹnikẹ́ni ṣì wà láàyè nínú àwọn tí bàbá máa ń bá rìn nínú igbó? Ẹni yẹn ni kí ẹ wá lọ. Lọ́la, kó má ju ọ̀túnla lọ.

Ẹlẹ́ṣinỌ̀yọ́

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bọ́ sọ́rọ̀. Mùsíọ́mù ìṣẹ̀dá ti London nìkan, ohun tó wà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 80. Mélòó níbẹ̀ ló wá láti ìlú òyìnbó? Òkété lásánlàsàn tí bàbá bàbá mi ń dẹ pàkúté fún, London ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ní 1840, láti ara èyí tí wọ́n gbé láti Odò Gambia. Torí náà, òkété Ọ̀yọ́ ti di ọmọ Gambia nínú ìwé: Cricetomys gambianus. Wọn ò bi òkété, wọn ò bi wá.

Àǹtí á kó agbárí bàbá wọn sílẹ̀ lónìí, ẹnì kan á fi sínú àpótí gbé e lọ "fún ìwádìí", ọmọ wọn á wá máa tọrọ físà láti lọ wo ẹtu ilé ara ẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ó dáa kó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní iná ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Mùsíọ́mù Rio de Janeiro ní iná. Ní September 2018, iná náà ló jó o, láti ara ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun tó tó mílíọ̀nù 20 ló wà níbẹ̀.

EkuNiMòŃKà

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́ṣin, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ kò sí ní London. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, eku ni mò ń kà. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn àlejò pé ẹ̀kọ́ dókítà ni.

Ìdí tí a fi nílò ilé ìkópamọ́ tiwa gan-an nìyẹn. Ìbà Lassa ni kí ẹ wò. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969. Láàárín ọdún mélòó kan, wọ́n rí i pé ara eku kan ló ń gbé, Mastomys natalensis, eku ilé tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù lọ. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ayé ń pariwo eku kan ṣoṣo. Ní 2016, ìwádìí kan tí àwọn ará mùsíọ́mù Ifẹ̀ kópa nínú ẹ̀ fi hàn pé kòkòrò àrùn Lassa wà lára eku méjì mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, Hylomyscus pamfi, 2010 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ ronú sí i: eku tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó lè pa wá, kò lórúkọ nínú ìwé títí di 2010.

Ìkejì, Mastomys erythroleucus, àti natalensis yẹn, ẹ gbé wọn síwájú mi kí wọ́n máa sáré, n kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀, mo sì ti ń ka eku fún ọdún mẹ́rin. Tí a bá ka kúrómósóòmù wọn, ìyẹn okùn àbùdá inú ara wọn, la máa rí i pé ọ̀kan ní 32, èkejì ní 38. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, mo kọ orúkọ kan sára eku mọ́kànlá, ó dá mi lójú. Ọ̀gá mi kò bá mi jiyàn, wọ́n kàn gbé agbárí wọn jáde nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ní kí n wo eyín òkè. Mẹ́rin nínú wọn kì í ṣe ohun tí mo kọ. Ká ní mo ti ju eku náà nù lẹ́yìn tí mo kọ ìwé, àṣìṣe mi ì bá ti di òótọ́ títí láé.

Màmá télọ̀ bi wá pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Nígbà míràn, ẹni tó kó o pamọ́ gan-an kò mọ̀. Ní Bìrìtìkó, àwọn kan máa ń kó ẹyin àwòdì jọ fún ìgbádùn ara wọn. Ní 1967, Derek Ratcliffe wọn èèpo àwọn ẹyin tó ti wà nípamọ́ tipẹ́, ó rí i pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èèpo náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, ẹyin ń fọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Oògùn apakòkòrò DDT ló fà á. Bí kò bá sí ẹyin àtijọ́, kí ni wọ́n ì bá fi wọn ti ìsinsìnyí?

Àti pé ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ wo ẹyẹ kan, ìbátan ẹ̀gà, dúdú tó ní pupa lórí. Malimbus ibadanensis ni wọ́n ń pè é. Elgood tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn ló kọ nípa ẹ̀ ní 1958. Àwa náà ní èyí tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa.

Ẹlẹ́ṣinỌ̀yọ́

Ìbàdàn náà ló tún gbà á. Ọ̀yọ́ ńkọ́?

Télọ̀Tákíè

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bínú pé n kò tètè padà wá, aṣọ ẹbí ló wà lọ́rùn mi.

Mo ti rí ẹni tí Bàbá Egungun ní kí n wá. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú àwọn tí bàbá wa máa ń bá rìn, Ìjẹrú ni wọ́n ń gbé, torí náà Baba Ìjẹrú ni mo máa pè wọ́n níbí. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Èmi àti ọmọ mi háyà kẹ̀kẹ́ márúwá, a gbé wọn wá sílé. Mo ti gé àjákù aṣọ fúnfun sí pélébé-pélébé, mo lu ihò sí i, mo fi okùn sí i bí mo ṣe máa ń ṣe sí aṣọ oníbàárà. Pẹ́ńsù ni ọmọ mi fi kọ nọ́ńbà. Ó ní bírò máa ń ṣí.

Baba kò fi ojú wo agbárí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n á gbé e sórí itan, wọ́n á fi àtàǹpàkò wá ihò ọta, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́. Nígbà míràn ìdákẹ́ náà pẹ́ débi pé mo rò pé wọ́n ti sùn. Wọ́n á wá ní, "Ìkòyí. Lẹ́yìn odò. Ọdún tí wọ́n yí owó padà." (Ìkòyí ti ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, kì í ṣe ti Èkó.) Ọmọ mi á kọ 1984. "Ọdún tí Awólọ́wọ̀ kú." 1987. "Ọdún tí wọ́n ṣí ilé ìwé ńlá tiyín yìí." 1990. Àwọn kan jẹ́ ti inú ilẹ̀ tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé ní 1991. Mo bi wọ́n bóyá lẹ́yìn ọdún yẹn ni, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ wá?" A kọ "ṣáájú 1991" bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Nínú àwọn márùn-ún tí n kò mọ̀, wọ́n ní méjì jẹ́ ológbò igbó, ọ̀kan awọ́nríwọ́n tó dàgbà, ọ̀kan ajá. Ajá wa! Ajá ọdẹ bàbá wa tó kú kí wọ́n tó bí mi, wọ́n gbé e kọ́ sáàárín àwọn ẹran tó ń lé. Ìkarùn-ún ni wọ́n gbé pẹ́ jù. Ìkookò ni. Wọ́n ní ìta Ìkòyí ni, ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ja ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, àti pé láti ìgbà tí òun ti gbọ́ igbe rẹ̀ kẹ́yìn, òun ti sin ìyàwó méjì.

Wọ́n pín ẹtu sí òkìtì méjì. N kò sọ ìtàn Togo fún wọn o, n kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi ọwọ́ kan iwájú orí wọn, wọ́n kó 11 sí apá kan, 3 sí apá kejì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ìwọ kò mọ̀ pé ẹtu kì í ṣe ọmọ ìyá kan?" Mo fi tépù mi wọ̀n wọ́n, n kò rí ìyàtọ̀ tó ju ìka kan lọ. Ṣùgbọ́n tépù aṣọ ni tèmi.

Ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n ló bà mí lójú jẹ́. Nígbà tí a gbé e dé iwájú wọn, Baba bú sẹ́rìn-ín, wọ́n lu itan. Àwọn ló pa á! 1969. Wọ́n ní bàbá wa yá a lọ́wọ́ àwọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn kí àna lè rí i lára ògiri, wọn kò dá a padà títí wọ́n fi kú. Mo ní, "Ẹ ẹ̀ bi wọ́n ni?" Wọ́n ní ọdọọdún ni àwọn ń bi wọ́n, ọdọọdún ni wọ́n ń ní àwọn á gbé e wá lọ́la. Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ẹfọ̀n wọn lé ẹsẹ̀ nínú márúwá, wọ́n lọ. Ẹ̀kọ́ àti ìwádìí kò rí ìyẹn gbà lọ́wọ́ wọn.

Ó wá ku 42. 26 ní ibi àti ọdún. 8 ní ibi láìní ọdún. 8 tó kù, Baba ní àwọn kò mọ̀, àwọn kò sì ní purọ́ mọ́ òkú. Méjì nínú wọn, wọ́n fura pé ńṣe ni bàbá wa rà á lọ́jà kí ògiri lè kún. Mo ní kí ọmọ mi kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo ti dá 10,000 ìyá ẹlẹ́gbògi padà, owó kọ́là aṣọ ẹbí ni mo fi san án, ẹni tó ni aṣọ kò ì tíì mọ̀. Àbúrò mi gbà kí a dúró di ẹ̀yìn Iléyá. Kì í ṣe torí mùsíọ́mù o. Nígbà tó gbọ́ pé ajá wà níbẹ̀ ló dákẹ́.

BàbáEgungun

Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bá mi kí Baba Ìjẹrú, kí ọmọ yín sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá tún wá.

Lórí ẹtu mẹ́ta yẹn, ẹ má tíì yọ̀. Akọ lè yàtọ̀ sí abo, àgbà lè yàtọ̀ sí ọ̀dọ́, ó lè máà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ 11 padà. Ẹ kọ ọ́ sí lébẹ̀lì pé "ọdẹ yà á sọ́tọ̀". Ẹni tó máa wọ̀n wọ́n á fẹ́ mọ̀. "Ṣáájú 1991" dára bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kún un. Àwọn méjì tí ẹ fura pé ọjà ni wọ́n ti wá, ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kọ ọ́. Mo ti rí àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò lè kọ irú ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kọ̀wé fi wọ́n sílẹ̀, ẹ béèrè fún ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á àti nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ bàbá yín ni kí wọ́n kọ síbi tí wọ́n ń kọ ẹni tó kó o jọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ̀n ín lọ́jọ́ iwájú, lórílẹ̀-èdè yòówù, orúkọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ kà. Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn jẹ́ ìdá kan nínú èsì ìbéèrè rẹ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀.

Télọ̀Tákíè

Ẹ ṣeun, bàbá. Ọmọ mi ti kọ̀wé sí méjèèjì, a ń retí èsì. Báwo ni mo ṣe máa kó wọn? Àpò Gánà ló wà nílẹ̀. Àti pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ 31 ló wà nínú agbọ̀n kan ní abẹ́ ibùsùn, wọn kò so mọ́ orí kankan. Ṣé kí n máa fi èyí tó bá wọ̀ ọ́ sí i?

BàbáEgungun

Àpò Gánà kọ́. Páálí ni, kí ẹ fi ìwé ìròyìn wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wé e sínú ọ̀rá, ooru á mú kó làágùn, á hu ewú. Káńfọ̀ díẹ̀ nínú páálí kọ̀ọ̀kan, kí lébẹ̀lì gba ihò ojú kọjá kó má baà já.

Àgbọ̀n ìsàlẹ̀, ẹ má bá wọn ṣe alárinà. Bí ẹ bá rí i pé ó wọ ara wọn wẹ́kú, tí eyín òkè bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, ẹ so ó pọ̀. Èyí tó bá kọ̀, ẹ kó o sínú páálí tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé abẹ́ ibùsùn ni ẹ ti rí i.

ỌmọÀjàgbọn

Ẹfọ̀n mi ńkọ́?

Télọ̀Tákíè

Ó wà lókè ilẹ̀kùn Baba Ìjẹrú. Lọ bá wọn níbẹ̀, kó o sọ pé o fẹ́ yá a.